Àlejò gbé mọ́tò sí ààyè yín: bí ẹ ṣe máa gbà á padà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láìsí ìjà

Ẹ ti Kútọnu bọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti jẹ yín níyà ní Sèmè, ó tún fi yín ṣẹ̀sín lórí afárá. Ẹ wọ géètì ilé, ẹ fẹ́ yí mọ́tò síbi tẹ́ ẹ máa ń gbé e sí, àfi mọ́tò kan tẹ́ ẹ ò rí rí, tó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó jogún ilẹ̀ náà. Kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ọlọ́dẹ ní òun ò mọ ẹni tó ni ín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe tọ́rọ̀ bá dé báyìí ò ju mẹ́ta lọ: ká máa fun fèrè títí gbogbo ilé á fi jí, ká bú ọlọ́dẹ, tàbí ká fi mọ́tò tiwa dí ti àlejò mọ́bẹ̀. Mo ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò sì rí èrè kankan níbẹ̀. Ilé alájà tí mò ń gbé nítòsí ọjà Ouando ní ayálégbé mẹ́jọ àti ààyè ọkọ̀ márùn-ún, ẹ lè fojú inú wo ohun tójú wa ti rí. Ọ̀nà tí mo tò sísàlẹ̀ yìí ló jẹ́ kí n máa bá ààyè mi lófo báyìí ní alẹ́ mẹ́fà nínú méje. Alẹ́ keje ni Sátidé. A ó dé ibẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Kọ̀ńtírà ilé yín, pẹ̀lú ìwé owó ilé tẹ́ ẹ san gbẹ̀yìn.
- Ẹ̀dà káàtì gíríìsì mọ́tò yín, ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín.
- Okùn ìwọ̀n onímítà márùn-ún, ọ̀dà funfun tàbí ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè, búrọ́ọ̀ṣì, àti sikọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ tí wọ́n fi ń dí páálí.
- Pátákó kékeré kan. Àwọn tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lè bá yín kọ ọ́.
- Kàyé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, pẹ̀lú báírò tẹ́ ẹ fi okùn so mọ́ ọn. Ẹ má fojú kéré okùn yẹn. Báírò tí kò lókùn kì í sùn níbi tí wọ́n bá fi í sí.
- Fóònù tó ń ya fótò.
- Nọ́ńbà onílé, ti ọlọ́dẹ, ti olórí àdúgbò, ti kọmisáríà arọ́ńdísímà yín. Ẹ fi 117 ti ọlọ́pàá àti 118 ti panápaná kún un.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ̀ dájú pé tiyín ni

Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú kí wọ́n tó gbéra rárá. Lọ́jọ́ tí dèmáṣẹ́ẹ̀, ẹni tó ń báni wá ilé, mú yín lọ wo ilé, ó ní "ààyè mọ́tò wà". Òótọ́ ló sọ, ààyè wà. Kò sọ pé ààyè kan wà tó jẹ́ tiyín. Mo mọ ilé kan ní Tokpota tí wọ́n ti fi ààyè kan ṣoṣo ṣèlérí fún ayálégbé mẹ́ta, kálukú wọn sì ń bú èkejì ní àlejò.

Nítorí náà, ẹ ṣí kọ̀ńtírà yín. Òfin tó ń darí yíyá ilé gbé ní Bẹ̀nẹ̀ ni òfin nọ́ńbà 2018-12 ti ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 2018. Ọ̀pọ̀ tó mọ̀ ọ́n, owó kósíọ̀n, owó ìdúró tí ayálégbé ń kọ́kọ́ san, ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tí wàhálà bá dé, ohun tó wà nínú kọ̀ńtírà tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Tí ààyè ọkọ̀ ò bá sí nínú rẹ̀, ẹ bẹ onílé kó fọwọ́ sí ìwé àfikún kan. Ẹ má jẹ́ kó gùn. Tèmi kà báyìí:

"Mo fi ààyè ọkọ̀ nọ́ńbà 4, èkejì lọ́wọ́ ọ̀tún téèyàn bá wọ géètì, fún ayálégbé tó wà ní àjà kìíní lápá òsì. Ó wà nínú owó ilé rẹ̀. Òun nìkan ló ni ín, tọ̀sán tòru."

Ẹ kọ ọ́ ní Faransé, nítorí pé èdè yẹn ni wọ́n á fi kà á ní kọmisáríà. Ọ̀rọ̀ "tọ̀sán tòru" yẹn, ẹ má yọ ọ́. Onílé wa ti fẹ́ sọ nígbà kan pé ọ̀sán wà fún àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, pé alẹ́ nìkan ni òun fún mi.

Ohun kejì tẹ́ ẹ máa wò ni ibi tí ilẹ̀ onílé pin sí. Bí ààyè náà bá wà nínú géètì, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ iwájú ilé ni, lójú títì, ti gbogbo èèyàn ni, ì báà jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá lẹ ti ń gbé mọ́tò síbẹ̀. Táyà àlòkù, òkúta ńlá àti àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán tẹ́ ẹ tò síbẹ̀ ò sọ ọ́ di tiyín. Ẹni tó bá wà níbí ní ọdún 2017, nígbà tí ìjọba ń wó gbogbo ohun tó yọ jáde sójú títì, á rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Tó bá jẹ́ ojú títì nìkan lẹ ní, ẹ fi ìgbésẹ̀ tó kù sílẹ̀, àfi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó wà nínú ìgbésẹ̀ kẹrin nìkan.

Àyẹ̀wò: ẹ fún ẹnì kan tí kò dé ilé yín rí ní ìwé náà. Ẹ ní kó wọlé, kó lọ dúró síbi tí ìwé sọ, kó má bi ẹnikẹ́ni. Tó bá dúró síbẹ̀ gan-an, ìwé yín dára. Tó bá ń wò yín lójú, ẹ lọ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ sàmì sí i

Ààyè tí kò lámì, ilẹ̀ lásán ni lójú àlejò, èmi ò sì dá àlejò lẹ́bi fún ìyẹn. Ẹ wọn ún: mítà méjì ààbọ̀ ní ìbú, mítà márùn-ún ní gígùn. Ìyẹn ló ń gba mọ́tò ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ á sì tún ṣeé ṣí. Tí ti onílé bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti mọ ìdí tí aládùúgbò yín fi máa ń tẹ ìlà yín.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ símẹ́ńtì tàbí pàfé, ẹ gbá a, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ kanrin. Ẹ lẹ sikọ́ọ̀ṣì méjì mọ́ ilẹ̀, kí àlàfo àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ fi ọ̀dà sáàárín, kó di ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ yọ sikọ́ọ̀ṣì kí ọ̀dà tó gbẹ tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ya etí rẹ̀ lọ. Ẹ ṣe é láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Láti oṣù Kẹrin ni òjò ńlá ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, títí di oṣù Keje, kí ti kékeré tó tún dé ní oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀dà tí òjò bá pa ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ti sọ owó nù. Tí ọyẹ́ bá wà, ẹ fọ ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní àárọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kùn ún, torí eruku tó bá bọ́ sórí rẹ̀ mọ́jú ló máa ń jẹ́ kí ọ̀dà ṣí bí èèpo.

Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ erùpẹ̀ pupa, bí ọ̀pọ̀ àgbàlá wa ti rí, ẹ gbàgbé ọ̀dà. Ẹ wá òkúta pàfé tàbí búlọ́ọ̀kù méjìlá, ẹ rì wọ́n dé ìdajì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ kun orí wọn ní funfun. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ga ju ìka mẹ́ta lọ. Ìyá àgbà kan nílé wa fẹsẹ̀ kọ ti àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni pátákó. Orí ògiri ni kó wà, ní gíga ojú ẹni tó jókòó nínú mọ́tò. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ sílẹ̀ nìkan, mọ́tò àlejò á gùn ún mọ́lẹ̀, á sì búra pé òun ò rí nǹkan kan. Ẹ kọ "PARKING PRIVÉ", nọ́ńbà ààyè, àti nọ́ńbà fóònù ọlọ́dẹ. Àwọn kan máa ń kọ nọ́ńbà mọ́tò tiwọn síbẹ̀, èyí tó ní RB lẹ́yìn yẹn. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò fẹ́ràn rẹ̀: ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò, pátákó yín ló máa sọ fún ẹni tó ń kọjá pé ẹ ò sí nílé.

Àyẹ̀wò: ẹ jókòó sínú mọ́tò ní aago mẹ́jọ alẹ́, ní ẹnu géètì, kí iná mọ́tò wà ní títàn, kó dojú kọ ilẹ̀. Ẹ ka pátákó náà. Bẹ́ ẹ bá ní láti na ọrùn kẹ́ ẹ tó rí i kà, ẹ gbé e sísàlẹ̀ sí i tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ tóbi sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ bá ọlọ́dẹ ṣe é

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni mo ti pàdánù ọdún kan gbáko. Mo rò pé àwọn àlejò ń já ọlọ́dẹ gbà ni. Lọ́jọ́ Àìkú kan ni mo rí ẹ̀kán òróró ẹ́ńjìnì dúdú láàárín ààyè mi. Mọ́tò mi kì í jò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀kán méjì. Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé gbogbo Sátidé tí mo bá lọ síbi ìnáwó ni ọlọ́dẹ ń fi ààyè mi gba 200 séfà lọ́wọ́ ẹni tó bá wá sọ́jà.

Ẹ má lọ pariwo lé e lórí. Owó oṣù rẹ̀ kéré, ẹni tó sì ń fún un ní 200 ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa ju àwa tá a ń gbé ilé lọ. Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo pe òun àti onílé jọ, mo ní kí onílé wá ibòmíì tí àlejò lè gbé mọ́tò sí. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí ẹnikẹ́ni ò lò, a gbá a mọ́, ó di ti àlejò. Ohun tí wọ́n bá fún ọlọ́dẹ níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń darí wọn kúrò ní tèmi.

Ẹ wá fún un ní kàyé. Ìlà mẹ́rin péré: ọjọ́, nọ́ńbà mọ́tò, ọ̀dọ̀ ẹni tó wá, aago tó wọlé. Bí kò bá mọ̀wé kọ, kó máa ya fótò nọ́ńbà mọ́tò, àwọn ọmọ ilé á kọ ọ́ nírọ̀lẹ́.

Ẹ tún fún un ní gbólóhùn kan. Ọkùnrin tó wọ básáǹ, tó sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù, tó ń sọ Faransé sí i, ẹ̀rù rẹ̀ á bà á. Kò lè sọ pé "ẹ ò lè gbé e síbẹ̀". Àmọ́ ó lè sọ pé: "Ẹ kú àbọ̀ o, bàbá. Wọ́n ti kọ ẹni tó ni ibẹ̀ yẹn sínú ìwé, ó ń bọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ n fi ibi tí kò ní dí yín lọ́wọ́ hàn yín." Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lójú yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lè máa rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín, kó ṣáà ti mọ̀ ọ́n sórí, ní Yorùbá àti ní Gùn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: kẹ́ ẹ máa fún un lówó lójoojúmọ́ kó lè bá yín ṣọ́ ààyè. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ò bá fún un, ó ti di ààyè títà nìyẹn. Ẹ fi owó ìpè sórí fóònù rẹ̀, kó lè pè yín, ó tán.

Àyẹ̀wò: ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín kan tí ọlọ́dẹ ò mọ̀ gbé mọ́tò wá nígbà tẹ́ ẹ ò sí nílé. Bí ọlọ́dẹ bá darí rẹ̀ síbòmíì, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú kàyé, ó ti yege.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́

Ó ti ṣẹlẹ̀. Mọ́tò wà níbẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí i pé iṣẹ́ yín lálẹ́ yìí ni kí mọ́tò náà kúrò. Ẹni tó jàre, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Ẹ kọ́kọ́ gbé mọ́tò tiyín síbi tí kò dí ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún kan mo dí àlejò mọ́ ààyè mi, mo mú kọ́kọ́rọ́ dání, mo lọ sùn. Àlejò náà gun zẹ́mì (ọ̀kadà) lọ sílé rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ní aago márùn-ún ìdájí, aládùúgbò mi tó fẹ́ lọ Kútọnu ò lè jáde, nítorí pé mọ́tò mi wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ náà. Ìwé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí onílé wa kọ nípa mọ́tò nílé yẹn, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbóòórùn. Bí òórùn èsáǹsì bá ń jáde lára mọ́tò náà, tàbí tẹ́ ẹ rí jẹ́ríkáànù lóríṣiríṣi nínú rẹ̀, ẹrù kpayò, èsáǹsì fàyàwọ́, ni. Ẹ má tan iná, ẹ má dáná, ẹ lé àwọn ọmọdé wọlé, kẹ́ ẹ pe 118. Ọ̀rọ̀ ààyè ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ya fótò mẹ́rin: nọ́ńbà mọ́tò, táyà rẹ̀ lórí ìlà yín, mọ́tò àti pátákó pọ̀, àgbàlá látọ̀ọ́kán. Ẹ má ya èèyàn. Ẹ wo inú gíláàsì iwájú, ọ̀pọ̀ ọmọlúàbí máa ń fi nọ́ńbà fóònù síbẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ, àtijọ́ ni. Láti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ ti di ẹyọ mẹ́wàá. Ẹ fi 01 síwájú rẹ̀, á wọlé. Mo ti rí ẹni tó bínú títí di ọ̀gànjọ́ pé àlejò fi nọ́ńbà irọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ 01 péré ló kù.

Bí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò ránṣẹ́ sí WhatsApp ilé: "Ẹ kú alẹ́ o, ta ló ní àlejò tó gbé mọ́tò báyìí báyìí wá?" Nínú mẹ́wàá, méje ni àlejò ará ilé. Àwọn tó kù, ibi tí wọ́n wà kì í ṣòro mọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ní ọ̀sán, ẹ wo mọ́sáláṣí. Ìrun kì í pẹ́, ẹ ní sùúrù. Ọjọ́ ọjà, ọjà ni. Ní oṣù Kìíní, nígbà tí àwọn Àgùdà, ìran àwọn tó ti Bùràsíìlì padà bọ̀, bá ń ṣe ọdún Bọnfíìmù, ẹ tẹ̀ lé ìró ìlù.

Sátidé wá nìyí. Bí wọ́n bá ta bàṣì dí àdúgbò, ẹ máa lọ síbi ìnáwó yẹn, ẹ wọ aṣọ tó ṣeé wọ̀ lọ síbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà mọ́tò, àwọ̀ rẹ̀ àti irú rẹ̀ sórí ìwé kékeré. Ẹ má lọ bá olórí ìnáwó. Ojú á tì í, inú á sì bí i. Ẹni tó mú màíkì lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ lọ bá, nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ orin. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ: "Ẹ kú ìnáwó o", tàbí "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" tó bá jẹ́ òkú àgbà ni wọ́n ṣe. Ẹ fún un ní ìwé náà, ẹ má sọ fún un pé wọ́n gba ibi yín. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kéde rẹ̀, wọ́n fẹ́ kó sún un díẹ̀." Sísún ò ní ìtìjú nínú, olúwa rẹ̀ á dìde kíá.

Tí onítọ̀hún bá wá yọ, ẹ jẹ́ kí ìkíni ṣáájú. Bó bá jẹ́ Gùn, tó sì jù yín lọ, "fòfó" fún ọkùnrin, "dàdá" fún obìnrin, ti tu ìdajì ìbínú ká. Bí ọ̀rọ̀ tèmi àti ẹnì kan ṣe lọ lóṣù tó kọjá rèé:

"Ẹ kú alẹ́ o, fòfó. Ẹ kú ìrìn."
"Háà, ibi yín ni? Mi ò mọ̀ o."
"Kò burú rárá. Àlejò ò lè mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kànga yẹn la fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin àlejò wa."
"Mo ti ń lọ nìyí. Ẹ má bínú."
"Ó dàbọ̀ o. Ẹ kí ilé."

Ó rí pátákó. Mo mọ̀ pé ó rí i. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, obì sì ni mo fẹ́ lálẹ́ yẹn.

Bẹ́ ẹ ò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ fi ìwé sábẹ́ ọ̀pá tó ń nu gíláàsì, nínú ọ̀rá, kí òjò má bà á jẹ́: "Ẹ kú àbọ̀. Ààyè ẹlòmíì lẹ gbé e sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe nọ́ńbà yìí kẹ́ ẹ tó lọ. Ti àlejò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga." Ẹ kọ ti Faransé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà, ẹ sì fetí sí eléyìí: ẹ má yọ afẹ́fẹ́ táyà, ẹ má ha ara mọ́tò, ẹ má tì í, ẹ má pe ẹni tó máa wọ́ ọ lọ. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa san án, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jàre náà á sì wá jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má gbé fótò náà sórí Facebook pé "ẹ wo olè". Òfin nọ́ńbà 2017-20 tó ń darí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ní Bẹ̀nẹ̀ ti gbé àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí wọ́n kọ nípa ẹlòmíì. Fótò yín, inú fóònù ni kó wà.

Àyẹ̀wò: kẹ́ ẹ tó sùn, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín: fótò mẹ́rin, ìlà kan nínú kàyé, àti mọ́tò tiyín níbi tí kò dí ẹnikẹ́ni. Bí àlejò bá ti lọ, ẹ kọ aago tó lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹni tó ń padà wá

Ẹ̀ẹ̀kan, àṣìṣe ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ ká ṣì pè é ní àṣìṣe. Ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ kọ̀wé sí onílé, ẹ so àwọn fótò àti ẹ̀dà kàyé mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé ó dé ọwọ́ òun. Onílé ló yá yín ní ààyè náà, òun ló sì yẹ kó rí i pé ẹ lò ó ní àlàáfíà. Púpọ̀ onílé á sọ pé "ẹ̀yin ayálégbé, ẹ yanjú ẹ̀ láàárín ara yín". Ẹ rọra dá a lóhùn pé ẹni náà kì í ṣe ayálégbé.

Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ bá olórí àdúgbò. Ẹ lọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ mú ìwé dání, kẹ́ ẹ má mú èrò dání. Ó mọ ìdílé wo ló ń gbé ibo, tí mọ́tò náà bá sì jẹ́ ti ará àdúgbò, ìpè kan ṣoṣo á parí rẹ̀. Nílé wa, ibẹ̀ ló máa ń tán sí.

Kọmisáríà ló kàn. Ẹ mọ èyí kẹ́ ẹ tó lọ: bí mọ́tò bá wà nínú àgbàlá ẹni, wọ́n lè sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àárín yín ni. Bó bá dí géètì tàbí títì, á yá wọn lára. Ẹ má ṣe sọ àsọdùn, ẹ sọ iye ìgbà tó wà nínú kàyé. Mọ́tò tó bá ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò wá a wá, ẹ má dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹ lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ó lè jẹ́ mọ́tò tí wọ́n jí.

Hùsíè, òṣìṣẹ́ kóòtù, wà fún ẹni tó fẹ́ dé kóòtù. Á wá wò ó, á kọ ohun tó rí, ìwé rẹ̀ á sì lágbára níwájú adájọ́. Ẹ máa sanwó fún un. Èrò tèmi ni pé ààyè mọ́tò kan ò tó bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni náà bá ń fi ibẹ̀ ṣòwò. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹni tẹ́ ẹ sì fẹ́ pè lẹ́jọ́ lè jẹ́ àna aládùúgbò yín.

Àyẹ̀wò: gbogbo ìwé wà nínú fáìlì kan, bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà lè kà á tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọ̀pá àti ṣéènì

Ibí ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e sẹ́yìn. Ọ̀pá tí kò ní ìwé onílé lẹ́yìn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ hú u.

Ọ̀pá irin tó ń dùbúlẹ̀, tó ní àgádágodo, ló dára jù. Àwọn tó ń jó irin á ṣe é fún yín. Lórí símẹ́ńtì, bóòtù nìkan tó. Lórí erùpẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 40, ẹ da kọnkéré sí i, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí táyà kankan tó gùn ún. Ìkánjú ọjọ́ kejì ló ń jẹ́ kí ọ̀pá máa mì bí eyín ọmọdé. Ẹ máa kán òróró sínú àgádágodo lóṣooṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọyẹ́ á dí i.

Ṣéènì kò wọ́n tó ọ̀pá, àmọ́ ó léwu ní òru. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ so aṣọ funfun tàbí ìwé tó ń tan ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn ní ibi mẹ́ta, kí zẹ́mì má bàa gbá a. Kámẹ́rà ńkọ́? Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ onílé, kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ kọ ààyè yín nìkan, kó má wo títì, kó má sì wo fèrèsé ẹnikẹ́ni.

Àyẹ̀wò: ẹ dìde lóru, nínú òkùnkùn, kẹ́ ẹ ṣí ọ̀pá náà, kẹ́ ẹ gbé mọ́tò jáde. Bó bá gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ tún un ṣe, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbé aláìsàn ò ní fún yín láyè.

Nígbà tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò

Ààyè tó bá ṣófo fún ọ̀sẹ̀ kan ti di ti gbogbo ayé. Ẹ yá aládùúgbò kan tí kò ní ààyè, ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sínú kàyé ọlọ́dẹ, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ fi ọjọ́ ìparí sí ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì pe ọlọ́dẹ láti ojú ọ̀nà, kó lọ wò ó bóyá ó ti kúrò.